Fáìlì Kan fún Ọ̀pọ̀ Kọ̀ǹpútà: Ìrántí Sáà Kan ní Ẹnubodè Yewa

Láti àárín àwọn ọdún 1990 títí di nǹkan bí ọdún 2020, ọ̀nà tí fáìlì ń gbà kúrò nínú kọ̀ǹpútà kan bọ́ sínú òmíràn yí padà láti ìdí dé orí ní ilẹ̀ Yewa, ìyípadà yìí sì kan ọjọ́ iwájú àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé ní àwọn ìlú ẹnubodè ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fiyè sí lọ. Fáìlì ni ohunkóhun tí wọ́n bá tẹ̀ tàbí tí wọ́n bá kó pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà lábẹ́ orúkọ kan, ìbáà jẹ́ lẹ́tà, àwòrán, àkọsílẹ̀ owó, ìbéèrè ìdánwò tàbí ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí, ẹsẹ̀ ènìyàn àti ọkọ̀ èrò ló ń gbé fáìlì kiri. Nígbà tí yóò fi parí, ẹnì kan ṣoṣo lè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan, kí ó sì fi fáìlì kan náà ránṣẹ́ sí igba kọ̀ǹpútà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìdìde níbi tó wà. Ìyára wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn tó ga jù níbẹ̀ ni ìdọ́gba, nítorí pé òun ló kọ́kọ́ mú kí ó ṣeé ṣe pé kí ẹ̀dà tó dé Ìhúnbọ̀ àti ẹ̀dà tó dé Èkó jẹ́ ọ̀kan náà gan-an, lọ́jọ́ kan náà, láìfi lẹ́tà kan yàtọ̀.

Ìhúnbọ̀ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, kò sì jìnnà sí Ìdí-Ìrókò tí í ṣe ẹnu ọ̀nà sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ilẹ̀ àwọn Ànàgó ni agbègbè Ìpókíà, àwọn Àwórì àti àwọn Ègùn sì ń bá wọn gbé. Ẹni tó bá kọjá Ìdí-Ìrókò, Ìgòlò ni yóò kọ́kọ́ bá kí ó tó kọrí sí Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Iṣẹ́ oko àti òwò ẹnubodè ló gbilẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ń wá ẹ̀kọ́ gíga tàbí iṣẹ́ ọ́fíìsì ní láti gba ọ̀nà Ọ̀tà lọ sí Èkó, tàbí kí ó gba Ìlaròó lọ, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ti ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 1979 nínú ọgbà Egbado College. Ní ọdún 1995, tí orúkọ Ẹ̀gbádò yí padà sí Yewa, kọ̀ǹpútà kò tíì wọ́pọ̀ ní gbogbo agbègbè náà. Ìwọ̀nba tó wà, ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, báńkì àti iléeṣẹ́ ńláńlá ló wà, títí tí àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń pè ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́bàá títì, níbi tí wọ́n ti ń tẹ lẹ́tà, tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì, tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ tó jáde ìwé mẹ́wàá ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

Dísíkẹ́ẹ̀tì ni ọkọ̀ tí fáìlì ń wọ̀ nígbà náà. Ike pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin ni, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ínṣì mẹ́ta ààbọ̀, ohun tó sì sábà máa ń gbà kò ju 1.44 MB lọ, débi pé àwòrán kan ṣoṣo tí fóònù òde òní bá yà kì í sábà gba inú rẹ̀. Ètò tó bá tóbi ní láti pín sórí ọ̀pọ̀ dísíkẹ́ẹ̀tì. Windows 95, tí iléeṣẹ́ Microsoft gbé jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1995, gba dísíkẹ́ẹ̀tì 13 fún ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lè ka àwo CD. Ẹni tó bá fẹ́ fi irú ètò bẹ́ẹ̀ sínú ogún kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ kan yóò jókòó ti èkíní, yóò ti dísíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ bọ ẹnu ẹ̀rọ, yóò máa gbọ́ bí ẹ̀rọ náà ti ń kùn bó ti ń kà á, yóò dúró títí iná kékeré iwájú rẹ̀ yóò fi kú, kí ó tó yọ ọ́ láti ti ìkejì bọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí ìkẹtàlá yóò fi wọlé. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá sún àga rẹ̀ lọ sídìí kọ̀ǹpútà kejì. Kí ó tó parí ogún kọ̀ǹpútà, ọwọ́ rẹ̀ yóò ti ti dísíkẹ́ẹ̀tì bọ ẹnu ẹ̀rọ nígbà 260, bí ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tàlá náà bá sì kọ̀ láti ṣeé kà, gbogbo iṣẹ́ dúró nìyẹn títí wọn yóò fi rí òmíràn.

Ewu mẹ́ta ló wà nínú fífi ọwọ́ gbé fáìlì kiri báyìí. Èkíní ni ìbàjẹ́, nítorí pé agbára oòfà ni dísíkẹ́ẹ̀tì fi ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ sára awẹ́ ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan, erukú pupa ojú títì, ọ̀rinrin ìgbà òjò, ooru inú ọkọ̀ àti oòfà tó wà nínú gbohùngbohùn rédíò sì lè ba ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ láìsí pé ẹni tó gbé e mọ̀. Èkejì ni fáírọ́ọ̀sì, ìyẹn ètò kékeré kan tó ń fara pamọ́, tó sì ń ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀ sínú ẹ̀rọ gbogbo tó bá fara kàn. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì ní ìlú Lahore ní Pakistan, Basit àti Amjad Farooq Alvi, ló ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Brain ní ọdún 1986, láti ara dísíkẹ́ẹ̀tì bọ́ sí ara dísíkẹ́ẹ̀tì ló sì gbà dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láìsí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kankan. Nígbà tí fíláàṣì, ohun ìkófáìlì kékeré tí wọ́n ń tì bọ ara kọ̀ǹpútà, dé ọjà ní ọdún 2000, àyè gbòòrò sí i, nítorí pé èyí tí IBM kọ́kọ́ tà gba 8 MB, ó ju ìlọ́po márùn-ún dísíkẹ́ẹ̀tì lọ. Ṣùgbọ́n àrùn náà bá fíláàṣì wọlé, ẹni tó bá sì ti fi í bọ kọ̀ǹpútà kan ní káfẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì lè gbé fáírọ́ọ̀sì náà padà sílé pẹ̀lú iṣẹ́ tó lọ tẹ̀.

Ewu kẹta ló burú jù, nítorí pé kì í tètè hàn. Bí wọ́n bá ṣe ẹ̀dà àkójọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan sórí dísíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, tí akọ̀wé kan ní Ìlaròó tún orúkọ kan ṣe lórí tirẹ̀, tí ẹlòmíràn ní Ìdí-Ìrókò sì fi orúkọ tuntun méjì kún tirẹ̀, fáìlì mẹ́ta tó ń jẹ́ orúkọ kan náà yóò wà, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ inú wọn kò ní bára mu mọ́. Kò sí ohun kan lára dísíkẹ́ẹ̀tì tó lè sọ fún ẹni tó gbé e lọ́wọ́ pé ẹ̀dà tirẹ̀ ti di ti àná. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ẹ̀dà tí wọ́n lò ni yóò jìyà àṣìṣe náà, ọmọ ìlú tó jìnnà sí ọ́fíìsì ló sì máa ń pẹ́ jù kí ó tó mọ̀, nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀dà tuntun máa ń dé gbẹ̀yìn.

Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni ohun tó gba iṣẹ́ yìí kúrò lọ́wọ́ ẹsẹ̀. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni síso kọ̀ǹpútà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú wáyà tàbí nínú afẹ́fẹ́, kí wọ́n lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lábẹ́ òfin kan náà. Òfin tó gbajúmọ̀ jù nínú ilé àti ọgbà kan ni Ethernet, tí Robert Metcalfe àti David Boggs bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1973 ní ilé ìwádìí Xerox ní Kalifọ́níà. Irú èyí tó kọ́kọ́ tàn kálẹ̀ ní àwọn ọ́fíìsì kéékèèké ń lo wáyà dúdú kan tó dà bíi ti eríálì tẹlifíṣọ̀n, tó ń ti ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí ẹ̀yìn òmíràn. Gígùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mítà 185 lọ, bí ó bá sì já níbì kan, gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà lórí rẹ̀ ni yóò dákẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wáyà olówùú mẹ́jọ dé, tí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, tí gbogbo wọn sì parí sínú àpótí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní súwíìṣì, débi pé bí wáyà ẹnì kan bá já, ti àwọn yòókù ń bá iṣẹ́ lọ.

Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni dídi ẹnu wáyà olówùú mẹ́jọ náà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ilẹ̀ Yewa ló sì ti ibẹ̀ wọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Oníṣẹ́ yóò bó èèpo òde wáyà náà ní ìwọ̀n àtàǹpàkò, yóò tú òwú mẹ́jọ tó lọ́ mọ́ra ní méjì-méjì, yóò fi ìka nà wọ́n títí wọn yóò fi tọ́, yóò sì tò wọ́n láti òsì sí ọ̀tún: ọsàn abilà funfun, ọsàn, ewé abilà funfun, búlúù, búlúù abilà funfun, ewé, búráùn abilà funfun, búráùn. Yóò gé orí wọn dọ́gba, yóò tì wọ́n bọ inú ẹnu ike kékeré títí orí òwú kọ̀ọ̀kan yóò fi hàn ní òpin rẹ̀, yóò sì fi ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́ gbọin. Àṣírí tó wà nínú títò náà ni pé méjì àwọ̀ ewé kò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí kò ṣe pé wọ́n fi méjì búlúù sáàárín. Ẹni tí kò bá mọ èyí, tó kàn to gbogbo wọn ní méjì-méjì, yóò rí i pé iná súwíìṣì tàn, yóò sì rò pé iṣẹ́ ti dára, ṣùgbọ́n bí fáìlì ńlá bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá, ohùn òwú kan yóò máa dí èkejì lọ́wọ́, fáìlì yóò sì máa fà tàbí kí ó máa já ní agbedeméjì. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀gá fi máa ń kọ́ ọmọṣẹ́ pé kí ó má ṣe gba iná tó tàn gbọ́ títí fáìlì ńlá kan yóò fi lọ tí yóò sì bọ̀.

Lẹ́yìn wáyà ni òfin ìfiránṣẹ́. Kí fáìlì tó lè kúrò nínú kọ̀ǹpútà kan lọ sínú èyí tó wà ní yàrá tàbí ìlú mìíràn, ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà: kọ̀ǹpútà tó ń gbà á gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́ẹ̀sì, ètò kan gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ tó ń tẹ́tí sílẹ̀ fún àlejò, ẹni tó ń fi fáìlì ránṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ ní àṣẹ láti wọlé. Abhay Bhushan, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà, ló kọ òfin FTP jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1971, ọ̀pọ̀ ọdún ni àgbáyé sì fi lò ó. Àbùkù rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ aṣínà, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí tí ènìyàn fi ń wọlé, máa ń kọjá lórí wáyà ní gbangba, ẹni tó bá sì lúgọ sórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lè kà á. Irú olè bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ Helsinki ní Finland, ó sì mú kí Tatu Ylönen ṣe SSH ní ọdún 1995, èyí tó ń yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà sí àṣírí kí ó tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ní àṣẹ lè fi ìlà àṣẹ kan ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà tó wà lókèèrè láìbẹ̀rù pé ẹnì kan ń gbọ́, bí ó bá sì kọ orúkọ ogún kọ̀ǹpútà sínú ìwé kan, ètò kékeré lè ka orúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì máa gbé fáìlì náà fún wọn títí dé orí ẹni ìkẹyìn.

Síbẹ̀, bí wọ́n bá fi fáìlì kan ránṣẹ́ sí ogún kọ̀ǹpútà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà ogún ni fáìlì náà gba orí wáyà kọjá, bí ó bá sì tóbi, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yóò kún dí. Steve Deering ló ṣe ọ̀nà àbáyọ tó wọ inú òfin íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 1989: kọ̀ǹpútà tó bá fẹ́ gba fáìlì yóò fi orúkọ sílẹ̀ sínú ẹgbẹ́ kan, ẹni tó ń fi ránṣẹ́ yóò sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí ẹgbẹ́ náà, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yóò sì gbọ́ papọ̀, gẹ́gẹ́ bí akéde ti ń lu agogo lẹ́ẹ̀kan tí gbogbo àdúgbò sì ń gbọ́ láìjẹ́ pé ó kan ilẹ̀kùn ilé kọ̀ọ̀kan. Ètò kan tó lo ọ̀nà yìí ni Ghost, tí wọ́n ṣe ní New Zealand ní àárín àwọn ọdún 1990, tí iléeṣẹ́ Symantec sì rà ní ọdún 1998. Oníṣẹ́ yóò to kọ̀ǹpútà kan dáadáa, yóò fi gbogbo ètò tó yẹ sínú rẹ̀, yóò yọ fáírọ́ọ̀sì kúrò, yóò sì sọ gbogbo inú rẹ̀ di fáìlì ńlá kan. Lẹ́yìn náà ni yóò jẹ́ kí gbogbo kọ̀ǹpútà inú yàrá náà gba fáìlì yìí lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ tó ń gba ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú dísíkẹ́ẹ̀tì di iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì sì ni akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sí ẹ̀yìn yàrá yóò bá ohun kan náà tí ẹni iwájú bá lórí ẹ̀rọ tirẹ̀.

Ìṣòro tó kù ni ti ọ̀nà jíjìn. Tẹlifóònù NITEL, iléeṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba nígbà náà, ni ìwọ̀nba ènìyàn tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà gbára lé ní àwọn ọdún 1990, ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ni wọ́n sì ń sanwó rẹ̀. Ibùkún Odùsọ́tẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ Yábàá ló kọ́kọ́ jẹ́ alábòójútó .ng, ìyẹn orúkọ tí àdírẹ́ẹ̀sì íntánẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà fi ń parí, ní ọdún 1995, yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ sì so nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tirẹ̀ mọ́ àgbáyé ní nǹkan bí àkókò kan náà pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ilé ìwádìí ICTP ní Trieste ní Ítálì. Àárín ọdún wọ̀nyí náà ni Andrew Tridgell àti Paul Mackerras ní Ọsirélíà gbé rsync jáde, ní oṣù kẹfà ọdún 1996. Rsync máa ń gé fáìlì sí wẹ́wẹ́, yóò ṣírò àmì ìdánimọ̀ kan fún gígé kọ̀ọ̀kan, yóò fi àwọn àmì náà wé ti ẹ̀dà tó wà lọ́hùn-ún, yóò sì fi kìkì ibi tó yàtọ̀ ránṣẹ́. Bí ojú ìwé kan ṣoṣo bá yí padà nínú ìwé olójú ewé igba, kò sí ìdí láti tún gbé gbogbo igba náà gba orí wáyà tẹlifóònù tó ń rá pálá. Fún ilẹ̀ tí ọ̀nà ti tóóró, tí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan sì lówó lórí, ìmọ̀ yìí wúlò ju wáyà tó yára lọ.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fóònù alágbèéká ní Nàìjíríà, ó sì di pé àwọn ìlú tí wáyà NITEL kò dé ríbi gbà wọ inú ayé ìbánisọ̀rọ̀. Bí òpó fóònù ti ń pọ̀ sí i, àwọn ará ẹnubodè rí ohun kan tí ará Ìbàdàn kì í rí: ẹni tó bá dúró sí ibi kan yóò rí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Nàìjíríà lórí fóònù rẹ̀, bó bá rìn síwájú díẹ̀, ti Bẹ̀nẹ̀ ni yóò gbé e, owó rẹ̀ yóò sì máa lọ ní ìlọ́po nítorí pé fóònù ti kà á sí àlejò ní ilẹ̀ òkèèrè. Ẹni tó bá ń gba fáìlì láti Èkó nírú ibẹ̀ ní láti kọ́ bí wọ́n ti ń fi ọwọ́ ara ẹni yan nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, kí fóònù má baà sọdá láìsọ fún un.

Nítorí gbogbo èyí, ọgbọ́n tó gbani là jù lọ ní sáà náà ni kí wọ́n gbé ẹ̀dà súnmọ́ ilé. Cliff Missen, olùkọ́ ará Amẹ́ríkà kan tó ti ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Jos, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ WiderNet, kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé àti ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì sínú àpótí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní eGranary, wọ́n sì ń gbé e fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà. Bí àpótí náà bá ti dé inú ọgbà, tí wọ́n so ó mọ́ súwíìṣì, gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà níbẹ̀ yóò máa ka inú rẹ̀ ní ìyára wáyà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni san owó íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, tó ń kó fáìlì jọ láti pín fún àwọn yòókù, ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní sáfà. Ìlú kékeré tó ní sáfà tó dára àti wáyà tí wọ́n dì dáadáa kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì láàárọ̀-lálẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ tàbí lọ́sẹ̀ ló tó kí ẹ̀dà tuntun wọlé láti òde, kí sáfà sì pín in.

Ohun kan wà tí ọgbọ́n nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò lè dá ṣe, ìyẹn ni iná mànàmáná. Dísíkẹ́ẹ̀tì lè dúró nínú dúrọ́ọ̀ títí iná yóò fi dé, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó wà ní pípa kì í gba fáìlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti òkèèrè, bí mẹ́ta nínú ogún bá sì sùn nígbà tí ẹ̀dà tuntun ń kọjá, mẹ́ta náà yóò jí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àtijọ́ lójú. Jẹnẹrétọ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ẹnubodè fi ń dí àlàfo yìí. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí iléeṣẹ́ aṣọ́bodè sì pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún náà pé kí wọ́n má ṣe gbé epo lọ sí iléepo tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí ààlà, ìlú bí Ìhúnbọ̀ bọ́ sínú òfin náà tààrà. Epo tó ń gbé ọkọ̀ ni epo tó ń gbé jẹnẹrétọ̀, epo tó ń gbé jẹnẹrétọ̀ náà ló sì ń gbé kọ̀ǹpútà. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n tó pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí ẹnubodè Ìdí-Ìrókò padà. Ẹni tó bá ń kọ ìtàn kọ̀ǹpútà ní ilẹ̀ yìí kò gbọdọ̀ fo ọdún wọ̀nyẹn, nítorí pé wọ́n fi hàn pé òfin tí wọ́n ṣe nítorí ohun mìíràn lè pa ẹ̀kọ́ ọmọ kan lẹ́nu mọ́.

Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti kan ilé púpọ̀ jù ni ìdánwò JAMB, ìyẹn àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1978 láti máa ṣètò ìgbàwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Bébà ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọn yóò tẹ̀ ẹ́, wọn yóò dì í, wọn yóò fi ọkọ̀ gbé e pẹ̀lú ọlọ́pàá, ibi gbogbo tó bá sì ti dúró lójú ọ̀nà ni ìbéèrè ti lè jò sí ọwọ́ ẹni tó lówó. Ní ọdún 2013 ni àjọ náà kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn tó bá fẹ́ ṣe é lórí kọ̀ǹpútà, ní ọdún 2015 sì ni gbogbo rẹ̀ di ti kọ̀ǹpútà. Ibùdó ìdánwò gbọ́dọ̀ ní kọ̀ǹpútà 250 ó kéré tán, tí wáyà so pọ̀ mọ́ sáfà kan nínú ilé náà. Ìbéèrè tí wọ́n ti yí sí àṣírí ń wọ inú sáfà náà láti òkèèrè, sáfà ń pín in fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kó ìdáhùn wọn jọ padà. Ọmọ Ìhúnbọ̀ tó lọ jókòó ní Ìlaròó tàbí Ọ̀tà ń gba ìbéèrè láti inú àká kan náà pẹ̀lú ọmọ Ìkòyí, òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n sì fi ń wọn àwọn méjèèjì. Fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kò mọ ẹnikẹ́ni ní Àbújá, ohun ńlá ni èyí.

Agbára kan náà tó ń gbé ohun rere dé ibi gbogbo ló ń gbé àṣìṣe pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, akọ̀wé àgbà JAMB, dúró níwájú àwọn oníròyìn ní Àbújá, ó sì tọrọ àforíjì pẹ̀lú omi lójú. Wọ́n ti ṣe àtúnṣe sí ètò tó ń pín ìbéèrè, tó sì ń ka ìdáhùn. Àtúnṣe náà dé orí àwọn sáfà apá kan orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n kò dé orí àwọn tó ń bójú tó Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò. Ibùdó 157 ló kàn, 65 ní Èkó àti 92 ní ilẹ̀ Ìgbò, akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ni wọ́n sì ní láti pè padà láti tún ìdánwò ṣe. Kò sí ẹnì kan tó mọ̀ kí èsì tó jáde, nítorí pé sáfà tí kò gba àtúnṣe kò dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò pariwo. Ó ń bá iṣẹ́ lọ pẹ̀lú òfin àná. Ewu kẹta ìgbà dísíkẹ́ẹ̀tì ló padà wá ní ìwọ̀n tí ọpọlọ kò tètè gbé, ìyẹn orúkọ kan náà pẹ̀lú inú tó yàtọ̀.

Àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ yìí ní ìgbà tí ohun èlò ṣọ̀wọ́n ti ní ìlànà tó lè dènà irú rẹ̀. Wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi ẹ̀dà tuntun sínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, kí wọ́n sì lò ó gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti lò ó, kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí àwọn yòókù. Wọ́n máa ń kọ orúkọ gbogbo kọ̀ǹpútà tó yẹ kó gbà á sílẹ̀ ṣáájú, kí wọ́n lè mọ èyí tí kò dáhùn. Lẹ́yìn ìfiránṣẹ́, wọ́n máa ń ní kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ṣírò àmì ìdánimọ̀ fáìlì tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà gígùn kan tí yóò yí padà bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀, wọn yóò sì fi wé ti orísun. Kọ̀ǹpútà tí àmì tirẹ̀ kò bá mu ni wọ́n ń tọ̀ lọ fúnra wọn. Kò sí èyí tó ṣòro nínú ìgbésẹ̀ wọ̀nyí, wọn kò sì gba owó púpọ̀. Sùúrù ni wọ́n ń gbà, àti ọkàn tó mọ̀ pé ènìyàn gidi ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó kù sẹ́yìn.

Ohun tí sáà náà fi lé àwọn tó ń darí ilé-ìwé àti ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ lónìí hàn gbangba. Yàrá kọ̀ǹpútà tí kò ní iná tó dájú kò tíì di yàrá kọ̀ǹpútà, nítorí náà kí iná oòrùn àti bátìrì wọ inú owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ kan. Kí sáfà kan wà nínú ilé, kí ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá wà nínú rẹ̀, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ sì máa mú un bá ti òde dọ́gba. Kí ó sì jẹ́ ojúṣe ẹnì kan tí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, tí wọ́n sì ń san owó iṣẹ́ fún, láti máa wò ó lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀ pé ẹ̀dà tó wà ní Ìhúnbọ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tó wà ní Abẹ́òkúta. Ìdọ́gba tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ṣèlérí kì í dá ara rẹ̀ ṣẹ; ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, kọ̀ǹpútà kan lẹ́yìn òmíràn, ló ń mú un ṣẹ.